Orúkọ Mi Nínú Ìwé Bàálù

Bàbá mi, alágbẹ̀dẹ tí mo fi ń yangàn,

Kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́ yín. Ọdún kejì rèé tí ẹ ti lọ, n kò kọ̀wé sí yín rí. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lóṣù tó kọjá, n kò lè sọ ọ́ fún Ìyá, oorun kò ní kùn ún mọ́. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ.

Mo ṣì wà níbi iṣẹ́ mi ní pápá bàálù ọ̀nà Àtàn, níbi tí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ń kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ òfurufú. Bàálù mẹ́ta la ní. Èmi àti ẹnì kan la ń tún wọn ṣe, òyìnbó kan sì ni ọ̀gá wa. Ẹ mọ ẹnì kejì mi. Rájí ni, ọmọṣẹ́ yín àtijọ́ tí ẹ lé kúrò ní àgbẹ̀dẹ nígbà tí ẹ̀mú yín sọnù.

Inú mi kò dùn nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́. Mò ń kí i, mò ń bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ n kì í fi sípánà mi sílẹ̀ níbi tó bá wà. Bó bá bu ẹ̀kọ àti àkàrà fún mi láàárọ̀, mo máa ń ní mo ti jẹun wá láti ilé.

Lọ́jọ́ Ajé kan, mò ń yẹ bàálù kejì wò kó tó gbéra. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi èékánná kan ojú ọkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ óò tẹ́tí sí i kí ẹ tó gbé e fún ẹni tó ni ín? Èmi náà, bí ojú mi bá tilẹ̀ ti rí nǹkan, àfi kí n fọwọ́ kàn án. Nídìí ẹ́ńjìnnì ni ọwọ́ mi ti kan nọ́ọ̀tì kan tó ń mì. Wáyà tí a fi ń dè é kó má baà tú kò sí níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi ni mo dè é lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo gbójú sókè. Rájí wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fi epo fọ irin, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo dè é padà, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àbí ó yẹ kí n ti sọ, Bàbá?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ Rájí. Bí mo bá tètè dé kí n lè ṣáájú rẹ̀, màá bá a níbẹ̀. Ìyẹn tún dá kún ìfura mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ṣe bí ẹni ń lọ kírun, mo gba ẹ̀yìn ilé páànù tí a ń kó bàálù sí, mo yọjú.

Ọ̀gá òyìnbó ni mo rí. Ó dúró lórí àpótí, ó ń tú nọ́ọ̀tì tó dára lára bàálù kejì, ó fi ògbólógbòó tí kò lè mú mọ́ dípò rẹ̀, ó sì gbé èyí tó dára lọ sára bàálù àkọ́kọ́. Ohun èlò tí à ń retí láti Ìlú Ọba kò dé, àwọn aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì sì fẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa fò. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ àti orúkọ ẹni tó ṣe é sí, ó kọ orúkọ mi síbẹ̀.

Bàbá, ta ló rí Rájí nígbà tó mú ẹ̀mú yẹn? Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ni, àbí ẹ̀yin náà kàn fura ni?

Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ti dé akoto, ó ń bọ̀ wá wọ bàálù kejì. Mo sáré lọ dúró níwájú rẹ̀. Mo ní bàálù náà kò ní gbéra. Òyìnbó jágbe mọ́ mi pé kí n yà lọ́nà. N kò kúrò. Ìgbà náà ni Rájí, tó ń fọ irin níta, gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rọra wá bá mi.

“Orúkọ rẹ tó wà nínú ìwé, ṣé ìwọ lo kọ ọ́?”

“Èmi kọ́.”

Ó kọjú sí òyìnbó, ó sọ fún un lédè wọn pé bí bàálù yìí bá fò, òun óò gbé ìwé náà lọ bá olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ yẹn ṣí akoto rẹ̀, ó padà sẹ́yìn, ó lọ pe olórí. Nígbà tí olórí dé, ìka lásán ló fi yí nọ́ọ̀tì náà, ó sì tú. Wọ́n ti bàálù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lé. Wọ́n gbé òyìnbó lọ síbòmíràn, ẹnikẹ́ni kò bá a wí létí wa. Wọ́n gba ìwé náà lọ pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n dá a padà, ojú ewé yẹn kò sí níbẹ̀.

Mo lọ sílé Rájí ní Àtàn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo jẹ́wọ́ fún un pé òun ni mo fura sí látìgbà yìí, mo bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí. Ó gbé omi fún mi, ó jókòó.

“Mo mọ̀,” ló wí. “Ìwọ ni èmi náà ń ṣọ́. Orúkọ rẹ ni mò ń rí lábẹ́ iṣẹ́ tí kò dára. Kí lo rò pé mò ń tètè dé wá ṣe? Gbogbo ibi tí orúkọ rẹ bá wà ni mo máa ń tún yẹ̀ wò.”

Mo mu omi náà tán, ó tún bu òmíràn.

Wọ́n ti gbé ọ̀gá tuntun wá. Ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀, ó sì ń pè wá ní ọ̀rẹ́. Èmi àti Rájí ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tí kò lè ṣe kó má fẹ́ràn yín.