Ẹ̀rọ Tí Bàbá Ò Kánjú Jí

Ẹ sún mọ́ wa, ẹ̀yin ará, ọ̀rẹ́ àti alájọgbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé, àyè ń bẹ. Ìtàn Bàbá wa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Onímítà, la fẹ́ sọ. Èmi ìyàwó wọn ni àwọn ọmọ ní kí n kọ ọ́. Ìwé mi ò pọ̀, orin ló kún ẹnu mi; bí orin bá já wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ bá mi gbè é.

Ọdún 1945 ni a bí olóògbé, nínú ilé oníyàrá méjì lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Ìdílé tí ń tún aago ṣe ni wọ́n ti wá, láti orí bàbá bàbá wọn. Ìyá wọn ń ránṣọ. Bàbá ni àbígbẹ̀yìn wọn.

Nígbà tí wọ́n jáde ilé ìwé, wọ́n kọ́ iṣẹ́ tẹlifóònù. Ní 1966, iléeṣẹ́ tẹlifóònù gbà wọ́n síṣẹ́, wọ́n sì ń wá ibi tí ohùn ti já láàárín wáyà tó lọ́ mọ́ra bí ìfun. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ mítà, ẹ̀rọ tí ń yẹ iná wò, ti wọ̀ wọ́n lára.

Ní 1970, wọ́n wá tún gbohùngbohùn ṣe nílé ìjọsìn wa. Èmi ni mò ń kọrin. Wọ́n ní, "Ẹ tún un kọ." Mo tún un kọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ sí i." Ìyá mi dìde: "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé gbohùngbohùn lẹ wá tún ṣe, àbí ọmọ mi?" Wọ́n dọ̀bálẹ̀: "Mà, ohùn wọn ló ń mú ọwọ́ mítà mi jó."

A ṣègbéyàwó ní ọdún kejì. Ọjọ́ náà ni wọ́n ṣèlérí fún mi: "Olórin, lọ́jọ́ kan, màá jẹ́ kí o fojú rí orin rẹ."

Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní 2005, kò sí ẹ̀rọ àlòkù tí iléeṣẹ́ kan jù síta tí ò délé wa. Yàrá ẹ̀yìn kún dé àjà. Orogún tèmi ní kókó tí a ń yí, ó sì ní okùn iná! Àmọ́ kò sí rédíò aládùúgbò tó bàjẹ́ tí wọn ò fi àwọn ẹ̀rọ náà tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Òfin wọn ni pé ẹ̀rọ tó ti sùn pẹ́, a kì í rọ́ iná lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, kó má baà bẹ́. Wọ́n ní àpótí kan tí ń bu iná fún un díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń jí lọ́wọ́, wọn á fọwọ́, wọn á wá bá wa jẹun. "Ẹ jẹ́ ká jẹun kó fi jí."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ẹ̀rọ ìlérí náà, èyí tó lójú gíláàsì, tí ń fi ìlà aláwọ̀ ewé ya àwòrán ohùn. Wọ́n tún un ṣe, ó tàn. Mo pariwo ayọ̀. Wọ́n ní, "Ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ṣé òótọ́ ló ń sọ?" Wọ́n ra mítà tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n tún ń wá mítà tí yóò yẹ mítà yẹn wò.

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé adájọ́ á máa wá adájọ́ tí yóò dá adájọ́ lẹ́jọ́ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Olórin, mi ò fẹ́ kí irọ́ ya àwòrán ohùn rẹ."

Wọ́n ń retí mítà ìkẹyìn nígbà tí àìsàn dé. Ikú ò bá wọn retí ẹ̀. Ilé ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́ ni mítà náà dé. Ọmọbìnrin wa fi yẹ ẹ̀rọ wò. Ó wò mí lójú, ó ní, "Màámi, kò sóhun tó ṣe é. Ó ti péye látijọ́."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ọmọ wa so gbohùngbohùn mọ́ ẹ̀rọ náà, ó gbé e fún mi, mo kọrin:

Rọra jí, rọra jí o,
Ẹni tó sùn pẹ́ kì í fò dìde.
Rọra jí, rọra jí o,
Etí ti gbọ́ ọ, ojú ń retí.

Ìlà náà dìde, ó ń fò bí ọmọ tó ń fi okùn ṣeré. Orin mi rèé! Mo kígbe, "Bàbá, ẹ wá wò ó!" Mo yíjú sẹ́yìn. Àga wọn ṣófo, tìmùtìmù rẹ̀ ṣì jìn síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí.

Olóògbé fi èmi ìyàwó wọn sílẹ̀, àti ọmọbìnrin wa tó ń tún fóònù ṣe, ọmọkùnrin wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti àwọn ọmọ-ọmọ tí wọ́n ti pín àwọn mítà náà láàárín ara wọn láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí a bá ti ibi ìsìnkú dé lónìí, ẹ ó rí ẹ̀rọ náà lórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn. A ó tàn án bí Bàbá ṣe ń tàn án, díẹ̀díẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má kánjú. Ẹ jókòó, ẹ jẹun kó fi jí. Bó bá jí, gbogbo wa la ó jọ kọrin sí i, a ó sì fojú rí i. Ẹ ó yó, inú yín á dùn, ẹ ó relé ire.

Bàbá Onímítà, ọkọ olórin, ẹ sùn jẹ́jẹ́. Ọwọ́ Ẹni tí ò ní kánjú jí yín lẹ wà.