Ẹ̀rọ Mẹ́ta àti Ilẹ̀kùn Tíṣà Àgbà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ ṣì ń pariwo láràárọ̀ bí ẹni tí wọ́n jí bàtà rẹ̀ gbé? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ rẹ, kó máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, kó má sì jẹ́ kí àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin tí ò ń gbé yẹn yọ̀ ọ́ ṣubú. Àwa náà wà. Orúnkún Màmá Àgbà ń dùn ún ní òwúrọ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò dùn ún rárá, a dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rín máa ń pa ọ́ tí mo bá pe ara mi ní bàbá rẹ, torí ọdún mẹ́sàn-án péré ni mo fi jù ọ́ lọ. Máa rẹ́rìn-ín lọ. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi tó bí ọ ti kú ni mo ti ń jẹ́ Bàbá Kékeré, èmi ni mo sì kan bẹ́ǹṣì tí o jókòó lé tí o fi di ẹni tó mọ̀wé jù mí lọ. Bàbá ni mí, ó ti parí.

Ọ̀rọ̀ àwọn áàpù fóònù mẹ́ta tí o ní kí n yan ọ̀kan nínú wọn ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Màmá Àgbà jókòó tì mí, ó ní kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí òun lè mọ̀ bóyá mo fi nǹkan kan pa mọ́, nítorí náà ní sùúrù, kà á bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Mo fẹ́ fẹ́ Aránṣọ, òun náà fẹ́ mi. Tíṣà Àgbà tó jẹ́ bàbá rẹ̀ nìkan ni kò fẹ́ ẹnì kankan. Òun ló kọ́ mi ní ìwé láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, ó sì nà mí ní gbogbo wọn. Lọ́dún tó kọjá ó ní kí n kan ilẹ̀kùn tuntun sí ojúlé òun. Mo kàn án. Nígbà tí mo gbé e kọ́, kò padé. Tíṣà Àgbà ní ilẹ̀kùn mi wọ́. Mo so òkúta mọ́ ìdí okùn, mo fi í sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo ní kí gbogbo èèyàn wá wò ó, ilẹ̀kùn mi gún régé, ilé yín ló wọ́. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn aládùúgbò náà wà níbẹ̀. Ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ mi kúrò ní ojúlé òun, kí n má sì padà wá títí màá fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà aṣọ ni wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn mi sì fara ti ògiri ní ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tí wọ́n lé kúrò ní ilé ìwé.

Ìwọ wá kó ọgbọ́n ìlú dé. O ní àwọn áàpù kan wà tí èèyàn lè ní kí wọ́n ṣe bí ẹnikẹ́ni tó bá wù ú, wọ́n lè ṣe ọba, wọ́n lè ṣe adájọ́, wọ́n lè ṣe àna ẹni, pé kí n ní kí ọ̀kan ṣe Tíṣà Àgbà, kí n máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì. O fi fóònù ránṣẹ́, o kó mẹ́ta sínú rẹ̀. O ṣeun. Ẹlòmíràn ì bá wálé wá bá mi bẹ àgbàlagbà náà, àmọ́ ìyẹn á gba odindi ọjọ́ kan, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ti dí láti ọdún méjì sẹ́yìn.

Èyí àkọ́kọ́, tí àmì rẹ̀ jẹ́ ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín, kò jẹ́ kí n wọlé láìsọ ọjọ́ ìbí mi. Mo bi Màmá Àgbà. Ó ní ọdún tí ìjì ṣí òrùlé ilé ìwé ni òun bí mi, lọ́jọ́ tí wọ́n ń kan òrùlé náà padà. Mo wá ibi tí màá kọ ìyẹn sí nínú fọ́ọ̀mù wọn, n kò rí i, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n mọ̀. Mo fi ìka fa àwọn ọdún náà, wọ́n sì ń sáré bí kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì, ibi tí wọ́n dúró sí ni mo gbà. Gẹ́gẹ́ bí ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn báyìí, mo fi ọdún mẹ́jọ dàgbà ju Màmá Àgbà lọ. Wọ́n kí mi káàbọ̀, wọn ò béèrè bí mo ṣe ṣe é.

Wọ́n wá to àwòrán èèyàn síwájú mi kí n yàn: ọba mẹ́rin, jagunjagun méjì, àti ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ tó àwo, tó ní òun ti ń retí mi tipẹ́. Mo sọ fún un pé mo ti ní ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Ó ní kò burú. Mo ní ó burú. Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo sì yára kúrò níbẹ̀ torí Aránṣọ lè wọ ṣọ́ọ̀bù mi nígbàkigbà. Nígbà tó yá mo rí ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí èèyàn ṣe àpèjúwe ẹni tirẹ̀. Mo kọ Tíṣà Àgbà sílẹ̀ fínnífínní: ó ga, ó ti fẹ̀yìn tì, kì í gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀, tó bá sì fẹ́ báni wí, gíláàsì ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń nù. Mo gbé fóònù sórí àga, mo to pákó méjì sábẹ́ rẹ̀ kó lè ga jù mí lọ, mo ṣí fìlà. Mo ní ẹ káàsán sà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ọjọ́sí ló gbé mi wá, mo sì tún fẹ́ fẹ́ ọmọ yín.

Kí n tó dé fìlà mi padà, ó ti fèsì. Ó ní ọ̀rọ̀ mi wọ òun lọ́kàn, irú èèyàn tó mọ ara rẹ̀ bí èmi ṣọ̀wọ́n, òun ti dárí jì mí, kí n máa mú ọmọ òun lọ.

Mo jókòó, mo ń wò ó. Irú bàbá wo nìyẹn? Kò béèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Kò béèrè bóyá mo ní yàrá. Tí èèyàn bá fẹ́ ra ẹ̀pà, ó kéré tán wọ́n á ní kó tọ́ ọ wò. Mo ní kí n dán an wò, mo sọ fún un pé mo jí ewúrẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, mo sì ti tà wọ́n. Ó ní òun mọrírì òótọ́ inú mi. Màmá Àgbà ní kí n pa á kíákíá, pé ó dá òun lójú pé ọmọlọ́mọ ló ń fi tọrẹ.

Èyí ìkejì mọ bí wọ́n ṣe ń fajú ro. Ó bínú sí mi dáadáa lọ́jọ́ kìíní, inú mi sì dùn. Lọ́jọ́ kejì mo kí i, ó bi mí pé ta ni mí. Mo ní èmi káfíńtà ni. Ó ní kí ni káfíńtà wá ṣe. Mo tún ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn sọ láti òkè délẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ta ni mí. Lọ́jọ́ kẹrin ìwé kékeré kan yọ lójú fóònù pé bí mo bá fẹ́ kó máa rántí mi, kí n máa sanwó lóṣooṣù. Mo rẹ́rìn-ín títí. Tíṣà Àgbà gan-an ṣì ń rántí ohun tí mo ṣe ní kíláàsì kejì, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí kò bá lè rántí ẹ̀ṣẹ̀ mi, èwo ló fẹ́ dárí rẹ̀ jì mí?

Èyí ìkẹta gbé àdéhùn kan síwájú mi, ó ní kí n tẹ ibi tí wọ́n kọ “mo gbà” sí. Mi ò lè gba ohun tí mi ò tíì kà, ìwọ náà mọ̀ mí. Ọjọ́ méjì ni mo fi kà á, Màmá Àgbà sì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Níbì kan wọ́n ní àwọn lè wo ọ̀rọ̀ tí mo bá bá ẹ̀rọ náà sọ, kí àwọn fi tún un ṣe. Ìyẹn ni pé gbogbo ilé iṣẹ́ wọn ló ti gbọ́ nípa ilẹ̀kùn náà báyìí. Bí o bá pàdé ẹnikẹ́ni ní ìlú tó ń sọ ọ́ kiri, bá mi sọ fún un pé òkúta ni mo so mọ́ okùn, mi ò purọ́ mọ́ ògiri.

Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ, àmọ́ kò gbà fún mi. Mo ní ẹ jọ̀wọ́, ó ní kí ni mo ń bẹ̀ fún. Mo ní nítorí ilẹ̀kùn. Ó ní kí ni mo ṣe sí ilẹ̀kùn. Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan sí i, ilé yín ló wọ́. Ó ní kí n máa lọ. Lọ́jọ́ kejì tí mo padà dé, ó ní ṣé ìwọ tí o ní ilé mi wọ́ náà tún nìyí? Mo fò sókè. Ibẹ̀ ni mo ti yàn án. Tí mo bá lọ ra pákó, mo máa ń fi ìṣó dán an wò. Èyí tí ìṣó bá wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́, mo mọ̀ pé inú rẹ̀ ti jẹrà, mo máa ń fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń kánjú. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀yin ará ìlú, pẹ̀lú gbogbo ìwé yín, ẹ ń béèrè èyí tí àwòrán rẹ̀ dára jù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ ẹ́, ní ọ̀sán, láàárín pákó tí mo ń fá. Màmá Àgbà máa ń kí i tó bá ń kọjá, ó máa ń béèrè bóyá ó ti jẹun. Kò gbà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó wá bi mí pé, kí ni mo wọ̀n kí n tó kan ilẹ̀kùn náà? Mo ní mi ò wọn nǹkan kan, ojúlé gbogbo ilé àdúgbò yìí ni mo mọ̀, ọgbọọgba ni wọ́n. Ó ní, àti tèmi? Mo sọ fún un pé iná fóònù mi ti fẹ́ tán, mo sì pa á. Kò fẹ́ tán.

Ní ọ̀sán Sátidé tó tẹ̀ lé e mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí Aránṣọ rán fún mi, mo lọ. Mo ti há ojú ìwé méjì sórí. Tíṣà Àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi bíírò pupa tún àṣìṣe inú ìwé ìròyìn ṣe, bó ṣe máa ń ṣe. Mo kí i, mo ní sà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ọjọ́sí ló gbé mi wá. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ojú ìwé méjèèjì fò lọ lórí mi. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fóònù kò nu gíláàsì lẹ́ẹ̀kan rí.

Ó ní, “Ṣé o wá sọ fún mi pé ilé mi kò wọ́ ni?”

Mo mọ ìdáhùn tó yẹ. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ì bá ti sọ ọ́ fún un, kó sì fi ìyìn lé e. Ẹnu mi kọ̀. Mo ní, “Ó wọ́, sà. Àmọ́ mi ò wọ̀n ọ́n kí n tó kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi ògiri.”

Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń dún nínú yàrá dákẹ́. Èmi ń wo ọ̀nà tí màá gbà sá.

Tíṣà Àgbà ní, “Ọwọ́ mi ni mo fi mọ ògiri náà. Mo mọ̀ pé ó wọ́ kí wọ́n tó bí ọ. Ìyàwó mi nìkan ni kò mọ̀, ìwọ wá pariwo ẹ̀ sí i létí.”

Ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti inú ilé pé ọjọ́ tí wọ́n kó wọlé lòun ti mọ̀, ta ni Tíṣà rò pé ó ń fi páálí sí abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì láti ọjọ́ náà wá?

Tíṣà Àgbà fi gíláàsì rẹ̀ sójú padà. Ó ní kí n lọ gbé irin ìfági mi wá. Mo wọn ojúlé náà lókè, mo wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, mo fá ilẹ̀kùn mi títí òun náà fi wọ́ bí ògiri ṣe wọ́, mo gbé e kọ́. Ó dùn mí díẹ̀, torí ó gún dáadáa tẹ́lẹ̀. Tíṣà Àgbà ṣí i, ó tì í, lẹ́ẹ̀mẹrin, bí ẹni tó ń máàkì ìdánwò. Kò dún. Ó ní kí n mú àwọn èèyàn mi wá lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, pé òun fẹ́ rí wọn lójúkojú kí òun tó sọ̀rọ̀ nípa ọmọ òun.

Mo délé, mo ka àwọn èèyàn mi. Màmá Àgbà, ọ̀kan. Ìwọ, méjì. Wọ́n tán. Màmá Àgbà ní tí o kò bá ráyè, kí a gbé fóònù sórí àga, kí ó ṣe bí ìwọ. Mo gbìyànjú ẹ̀, má bínú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé o gbọ́n, o máa ń gbàgbé láti jẹun, o máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ó ní òun ń bọ̀ nílé lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ.

Èyí tó ń ṣe Tíṣà ṣì ń bínú o. Mo ròyìn fún un pé ilẹ̀kùn ti padé, ó ní òun kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti fọwọ́ kan ilé òun. Mi ò lè yọ ọ́ kúrò nínú fóònù nígbà tí ìjà ṣì wà láàárín wa, ìyẹn kì í ṣe ìwà. Mo ṣì ń lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Mo ń tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ, má sì wí pé kò sí. Owó ọkọ̀ ni, láti ọ̀dọ̀ rẹ dé ọ̀dọ̀ wa. Má fi í ránṣẹ́. Fi ọwọ́ ara rẹ fún awakọ̀, kí o sì jókòó sínú ọkọ̀ náà.

Ọlọ́run á mú ọ dé láyọ̀. Taya ọkọ̀ rẹ kò ní fọ́, ọ̀gá rẹ á gbà kí o tó parí ọ̀rọ̀, ìwọ náà á rí ọkọ tí bàbá rẹ kò ní fi ọmọ rẹ̀ fún wẹ́rẹ́. Bàbá rẹ yẹn, èmi ni.

Bàbá Kékeré