Ti Táyé Ńkọ́?

Màmá mi tí mo fẹ́ràn, tí inú sì ń bí mi sí,

Tí ìwé yìí bá rí wúruwùru, ẹ má bínú, mi ò lọ sí ilé-ìwé mọ́ láti ìgbà tí a ti sin yín.

Ìlú yẹ́ yín sí lónìí, ní gbọ̀ngàn Ìgbò-Ọrà. Wọ́n ka iṣẹ́ yín títí ó fi sú mi: obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì ní yunifásítì yín, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ilé àyẹ̀wò wọn, àwọ́ọ̀dù láti òkè òkun. Èmi ń wo bàtà mi. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára lèmi mọ̀, tí ẹ máa ń dì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà lọ sí àwọn abà ọ̀nà Tápà nínú òjò, tí ẹ ó fi mí sílẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Mo ti pinnu pé tí wọ́n bá pè mí wá gba àwọ́ọ̀dù yín, mi ò ní dìde.

Àfi bí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ẹ kọ́ níṣẹ́ ṣe gba gbohùngbohùn.

“Àìsàn adìẹ ni Màmá wa ń ṣèwádìí tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí èéyi pa Táyé wọn, tí ọmọ náà ò tíì dàgbà tó gba abẹ́rẹ́, ni wọ́n kọjú sí èéyi.”

Háà! Gbọ̀ngàn dà rú.

“Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún!” Ìyá Àgbà ti fò dìde. “Ta ló sọ fún ẹ pé ìbejì ń kú? Ó lọ ṣẹ́gi ni!”

“Ó lọ ṣẹ́gi!” Gbogbo ìyá ìbejì tó wà níbẹ̀ gbè é. “Ìwé lo kà, o ò gbọ́n!”

Ọ̀jọ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú kóòtù. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo kúkú mọ̀ pé ìkejì mi ò ní bọ̀, mi ò gọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú un lọ, ẹnì kan ò sọ ọ́ létí mi rí. Ṣé èéyi lẹ ń lé kiri nínú òjò yẹn, Màmá? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣé ẹ̀rù ń bà yín pé tí mo bá gbọ́, èmi náà á tẹ̀ lé e?

Wọ́n pè mí. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Alága gbé àwọ́ọ̀dù fún mi, mo kì í bọ abíyá, mo bá tún na ọwọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Àkàrà mi, àkàrà Táyé. Tí ẹ bá gbàgbé, èmi á na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

“Ọmọ yìí, ẹyọ kan ló wà o,” alága ń rẹ́rìn-ín.

“Ìbejì ni!” Ìyá Àgbà tún ké láti ẹ̀yìn. “Ti Táyé ńkọ́?”

Alága wo orí tábìlì iwájú rẹ̀, ó mú bisikíìtì rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé mi.

Àwọ́ọ̀dù yín ti wà lórí tábìlì yín báyìí, bisikíìtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ebi ń pa mí, ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kàn án.

Èmi ni,
ọmọ yín tó dúró sílé.