Wáyà Tó Ń Jẹun Tó Sì Ń Sọ̀rọ̀

Òkè-Àdán, Ìwó.

Haneefah ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé l'Ékòó, kí o má ṣe rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ara mi le, àfi orúnkún. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀yà ti jẹ ìdajì ẹ̀gẹ́ tí Mùrí ẹ̀gbọ́n rẹ gbìn sọ́nà Kuta, ó sì ń kanra mọ́ gbogbo wa bí ẹni pé àwa la jẹ ẹ́.

Ẹrù tí o fi rán ọlọ́kọ̀, kọ̀ǹpútà àti àpótí kékeré kan, dé láìfọ́. Mo ka ìwé inú rẹ̀. O ní kásẹ́ẹ̀tì tí o fi gba ohùn wa nígbà tí o wà ní kékeré ti wà nínú kọ̀ǹpútà yìí, pé nọ́ńbà lásán ni ohùn jẹ́ níbẹ̀, àti pé níwọ̀n ìgbà tí ihò ohùn kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́, àpótí kékeré yẹn ni yóò sọ nọ́ńbà di ohùn ìyá rẹ. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, n kò mọ̀ pé nọ́ńbà lè kọrin.

Wáyà mẹ́ta ni o dì mọ́ ọn, o ní kí n yan èyí tó bá bá a mu. Ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo yan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọ títí o fi sá kúrò nílé, n kò lè yan wáyà.

Èyí tó ní ẹnu pẹlẹbẹ, mo mọ̀ ọ́n, irú rẹ̀ la fi ń gba iná sínú fóònù. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí mo rò pé oúnjẹ ni ó ń gbé, ẹnu tó sì ń jẹun kì í sọ̀rọ̀. Òfin ilé wa ni, o rántí. Èkejì rí róbótó bíi ti tẹlifíṣàn, kò ríbi wọ̀. Ẹ̀kẹta ni o kọ sí lára pé ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ohùn gba inú rẹ̀, mo sì ní èyí gan-an ni ti ọmọ ìwé. Orí kan wọ inú àpótí. Orí kejì kò ríhò, mo bá fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà níbi tó mọ́lẹ̀ jù. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kì í yà, bí mo ṣe kọ́ wọn ní pírámárì, mo na wáyà náà gbọọrọ, mo kó àga kúrò lọ́nà, mo ní kí Mujeebah ìyàwó Mùrí máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó béèrè bóyá òun lè sá aṣọ sórí rẹ̀. Mo jókòó tì í láti ìrun Àyìlá títí di Alaasari. Kò dún.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá Abdulsobur tó ń tún fóònù ṣe ní Odò-Orí, ó sì tẹ̀lé mi wálé. Bó ṣe rí sẹ́lótéèpù, ó béèrè bóyá pósítà ìbò ni Bàbá Tíṣà ń lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà yìí kò ní ẹnu ìmọ́lẹ̀ rárá, wáyà tí mo tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ló bá a mu, òun ló ń fún àpótí náà níná tó sì tún ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ki wáyà náà bọ ihò rẹ̀, ó sì tẹ kọ̀ǹpútà kí kásẹ́ẹ̀tì náà máa dún.

Haneefah, mo gbọ́ ohùn Kareemah ìyá rẹ. Ọdún kẹta rèé tí a ti sin ín. Nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, a ń jẹun lọ́wọ́, àwo ń dún, ó sì ń kọ wákà kan tó kọ́ nílé wọn ní Ilé-Ogbó. Kò tíì dé ìlà kejì tí ọkùnrin kan fi jágbe mọ́ ọn pé ẹnu tó ń jẹun kì í kọrin. Ohùn náà le. Mo fẹ́ bi Abdulsobur pé ta nìyẹn, mo rí i pé ilẹ̀ ló ń wò. Lẹ́yìn náà, àwo nìkan ló ń dún títí ó fi tán.

Mo ti máa ń sọ fún ènìyàn pé ìyá rẹ kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. N kò ní bi ọ́ bóyá kí n lè gbọ́ ọ ni o fi ránṣẹ́, tàbí kí n lè gbọ́ ara mi. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ó tọ́ sí mi.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe fún oògùn orúnkún. Mo fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Ilé-Ogbó, kí n ra ṣúgà lọ́wọ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ. N kò dé ọ̀dọ̀ wọn láti ìgbà ìsìnkú. Bóyá ó mọ ìlà kejì orin náà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o bá ẹni tí yóò pa ohùn mọ́ ọ lẹ́nu pàdé. Bí o bá wá sílé, máa sọ̀rọ̀ bí o ṣe ń jẹun.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.