Ọkọ Mi Ló Wà Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́ Náà

Sí Ìyá mi, ní Ọ̀fà,

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ fún yín níbi tí mo wà ní Atakpamé yìí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ẹ bá mi kí Bàbá àgbà, ẹ ní mo gbọ́ nípa orúnkún wọn, Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti gbogbo àwọn ìyàwó ilé wa. Àwa náà wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ irú wíwà tí a wà gan-an.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi rán ẹni tó ti ọ̀dọ̀ yín bọ̀ ti dé etí mi. Ẹ ní wọ́n sọ fún yín pé wọ́n rí mi lójú títì nílùú onílùú, tí mo ń wa kẹ̀kẹ́, tí ọkọ mi jókòó sẹ́yìn bí ẹrù iṣu. Ẹ ní ojú tì yín débi pé ẹ ò lè jókòó láàárín ẹgbẹ́ yín mọ́. Ìyá mi, òótọ́ ni. Èmi ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò ní ti inú ilé, mo bẹ àwọn oníwèé ìròyìn pé kí wọ́n bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí ẹni tó gbọ́ apá kan lè gbọ́ ìyókù.

Bàbá Ràṣídì, ọkọ mi, kì í ṣe ẹni tó máa ń mú ìyàwó rìn kiri. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí, kété lẹ́yìn tí wọ́n gba òmìnira, òun ló máa ń di ọjà wọ̀sìwọ́sì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, òwú, abẹ́rẹ́, bọ́tìnì àti díńgí kékeré, tí yóò gbé e lọ sí àwọn abúlé orí òkè. Èmi máa ń wà ní ìsọ̀ wa nínú ọjà. Ìlú yìí kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí Ọ̀fà. Ara òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, ìpìlẹ̀ ilé ẹnì kan ga ju òrùlé aládùúgbò rẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá ń lọ sọ́jà, yóò sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ń padà bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, yóò pọ́n òkè.

Nígbà tí òjò ọdún tó kọjá dáwọ́ dúró, ọkọ mi ṣàdédé ní kí n ti ìsọ̀, kí n bọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ká jọ lọ káàkiri. Mo béèrè pé níbo. Ó ní káàkiri náà ni. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ó gbé mi yí gbogbo ìlú po. A gba ẹ̀yìn àwọn ọ́fíìsì ìjọba, a gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà, a gba ọ̀nà Anié títí ilé fi tán. Ibi tí òkè bá ti le, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó máa ti kẹ̀kẹ́. Bí a bá dé òkè téńté, yóò dúró, yóò máa wo ìsàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún ní ká lọ. Kò pẹ́ tó fi di àwọn abúlé orí òkè, níbi tí wọ́n ń sá kọfí sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí afẹ́fẹ́ wọn tutù débi pé mo máa ń tú gèlè mi láti fi bo àyà.

Ohun tó da orí mi rú ni pé ní gbogbo ilé tí a bá yà sí, yóò ní kí n kí wọn, kí n wo ojú wọn dáadáa, kí n sì fi ọ̀nà ilé wọn sọ́kàn. Ifẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀yà àwọn ará ibẹ̀, kì í ṣe Ifẹ̀ ti ọ̀dọ̀ yín. Èdè wọn dà bíi tiwa, síbẹ̀ kì í ṣe tiwa. Mo máa ń gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí n tó pàdánù ìparí rẹ̀. Wọn á kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, mi ò ní mọ ohun tí a jọ ń rín. Mo wá ń rò ó pé, èwo ni ti ọkùnrin tó ń mú ìyàwó àtijọ́ kiri bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé?

Obìnrin kan wà ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà, Afí ni wọ́n ń pè é. Aránṣọ ni, ó lẹ́wà, kò sì sí ọkọ nílé rẹ̀. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a kì í tètè kúrò. Lọ́jọ́ kan, ó gba àpò òwú lọ́wọ́ ọkọ mi, ó tú u fúnra rẹ̀, ó ń mú òwú kọ̀ọ̀kan sókè, ó ń pe àwọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó ń tà á: èyí pupa, èyí àwọ̀ ewé. Ọkọ mi sì ń mi orí. Lẹ́yìn náà ni Afí kọjú sí mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní èmi ni ojú ọkọ mi báyìí. Ìyá mi, bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ ni pé èmi ni ìyàwó ojú ayé, òun ni ìyàwó inú ọkàn. Mo fa ọwọ́ mi yọ. Mi ò jẹ iṣu tó gbé fún wa.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, mo ní kó dá kẹ̀kẹ́ dúró. Mo sọ fún un pé bó bá fẹ́ fẹ́ Afí, ilé ló yẹ kó ti sọ ọ́ fún mi, kó má máa gbé mi lọ wò ó bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́. Ó kọjú sí apá ibi tí mo wà. Ó jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní ojú òun ń kú. Ó ní òun ti lọ sí ọsibítù, dókítà sì ti sọ pé èyí tó ti lọ kò lè padà, pé ìyókù yóò tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun ò mọ òwú pupa yàtọ̀ sí aláwọ̀ ewé mọ́, Afí ló sì kọ́kọ́ kíyè sí i. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn oníbàárà òun mọ̀ mí, kí èmi náà mọ ọ̀nà, nígbà tí òun ṣì lè fi hàn mí. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Afí tó yé mi. Ojú tí a fi ń ríran ló ń wí.

Ẹ̀rín ni mo rín, Ìyá mi. Kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára, ayọ̀ pé kì í ṣe orogún ló ti ṣáájú dé. Mo rín títí, ó ń gbọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo bú sẹ́kún, mi ò sì mọ èyí tí mo ń sunkún fún, ojú rẹ̀ ni àbí ẹ̀rín mi. Títí di òní mi ò mọ̀. Òun kàn ní ká máa lọ, nítorí bí oòrùn bá ti rẹlẹ̀, òun kì í rí kòtò mọ́. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Gbogbo ilẹ̀ Dahomey ló wà láàárín èmi àtẹ̀yin.

Nígbà tó gbé kẹ̀kẹ́ wọ inú gọ́tà tòun tọjà, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa kẹ̀kẹ́. Pápá ilé ìwé kan la lọ. Mo wọ ṣòkòtò rẹ̀ sábẹ́ ìró, ó di ìjókòó mú lẹ́yìn, ó ń sáré tẹ̀ lé mi. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Mo bá irin yẹn jìjàkadì, ó dá mi, mo dìde, ó tún dá mi. Àwọn obìnrin tó ń kọjá dúró wò mí. Àwọn àgbà Yorùbá tí a jọ ń kírun wá bá wa nílé, wọ́n ní obìnrin kì í la ẹsẹ̀ lórí irin, kí n kúkú mú ọkọ mi lọ sílé. Ọkọ mi tẹ́tí sí wọn dáadáa. Ó wá bi wọ́n pé ta ni nínú wọn ni yóò máa gbé òun lọ sórí òkè. Wọ́n dìde, wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n lọ. Ó jọ pé ọ̀kan nínú wọn ló mú ìròyìn wá bá yín.

Bí ẹ ṣe gbọ́ ọ náà ló rí nísinsìnyí. Èmi níwájú, òun lẹ́yìn, àpò ọjà láàárín wa. Bí a bá ń pọ́n òkè, a jọ máa ń ti kẹ̀kẹ́ ni. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ wọ̀lú, èmi á di ìjánu mú pẹ̀lú ẹ̀rù, òun á ní kí n tú u sílẹ̀ díẹ̀, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí òun. Nígbà mìíràn, mo máa ń gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Mo máa ń bi ara mi pé ṣé ẹni tí nǹkan ṣe ló ń yọ̀ báyìí, àbí èmi ni nǹkan ṣe?

Ẹ ní kí n mú un bọ̀ wálé. Mo sọ fún un. Ó ní ní Ọ̀fà, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọn yóò gbé òun jókòó sí, tí wọn yóò máa ní kí àwọn ọmọdé kí òun. Pé níbí, òun fi ẹsẹ̀ mọ gbogbo òkè, òun sì ṣì ń tajà. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, mo rò pé òótọ́ ló sọ. Bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ tiyín, mo rò pé òótọ́ ni tiyín náà. Ṣùgbọ́n tí èmi náà bá ṣàìsàn níbí ńkọ́? Ta ni yóò fà á lọ́wọ́? Mo máa ń di ẹrù wa lọ́kàn láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán mo ti tú u. Ẹ má pe àìdáhùn mi ní àfojúdi. Ìdáhùn ni mi ò tíì rí.

Ohun kan ṣoṣo ló dá mi lójú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi Ràṣídì, ọmọ wa tó wà lọ́dọ̀ yín, ránṣẹ́ sí wa. Kó bá ẹni tó bá kọ́kọ́ ń bọ̀ wá, kó má dúró de ìgbà tí ilé ìwé bá parí. Bàbá rẹ̀ ṣì lè rí ojú èèyàn tí ẹni náà bá sún mọ́ ọn gan-an níta gbangba, lọ́sàn-án. Ó ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni ọmọ náà jọ báyìí. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, torí láti kékeré tí a ti fi í sílẹ̀ fún yín, èmi náà ò tíì rí i.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹ oúnjẹ ọmọ pẹ́, ojú yín kò ní rí ibi. Bàbá Ràṣídì dọ̀bálẹ̀ kí yín. Gbogbo ilé pátá, gbogbo àdúgbò, títí kan ẹni tó sọ̀rọ̀ wa fún yín, ẹ bá wa kí wọn.

Èmi ni, Sàlámátù, ọmọ yín.