Gbogbo Ohun Tí O Fi Hàn Wá ní Seoul

Abúlé Hwadong, Goheung.
Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ọdún Chuseok.

Tae-sik ọmọ mi,

Mo kí ọ títí, mo kí ọ bí a ṣe ń kí ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé o rí nǹkan fi sẹ́nu láàárọ̀ yìí? Tí o bá ń bèèrè wa, a wà, ara le, ẹ̀yìn bàbá rẹ nìkan ló ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Ajá ti bímọ mẹ́ta. Ata tí mo sá sórí òrùlé ti gbẹ. Ìyá Yong-nam tí a fi adìyẹ wa ṣọ́ ní ẹyin mẹ́fà péré ni wọ́n yé lẹ́yìn wa, ó ń búra, òórùn ẹyin díndín sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń búra. Mo ti fi í sílẹ̀ fún ọ̀run.

Gbogbo abúlé ló ti gbọ́ ìròyìn Seoul lẹ́nu mi. Ṣé o mọ̀ pé ọmọ gbogbo ilé ló wálé ṣọdún, tiwa nìkan ló ní ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, pé òun á mú wa rìn dé gbogbo ibi tí ojú wa ò dé rí. Inú bàbá rẹ dùn. Ó gé koríko orí ibojì, ó bu ọtí soju sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá rẹ, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá jẹun ọdún ní Hwadong mọ́, Seoul ni ká pàdé. Ara páálí tí mo fi ń fi kimchi, ewébẹ̀ tí mo fi ata rẹ, ránṣẹ́ sí ọ ló ti ka àdírẹ́sì rẹ fún wọn, ilé kẹtàdínláàádọ́fà, yàrá 1204. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kà á, torí adití ni bàbá bàbá bàbá rẹ nígbà ayé rẹ̀, a ò sì mọ̀ bóyá ikú wo etí sàn. Ó ṣàlàyé lífítì fún wọn, pé kí wọ́n wọ inú àpótí irin náà, kí wọ́n tẹ méjìlá, kí wọ́n má bẹ̀rù tí ikùn wọn bá ṣẹ́kù sísàlẹ̀. Ó tún sọ nọ́ńbà tí wọ́n máa tẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Àwọn mẹ́rin ló ń bá sọ̀rọ̀, ọkùnrin méjì, ìyàwó méjì.

Àfi bí a ṣe dé tí o ní páìpù ti bẹ́ nílé rẹ, omi ti gba gbogbo ilẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì la máa sùn. Àánú rẹ ṣe mí, mo ní kí n wá bá ọ gbá omi jáde, o ní rárá, àwọn òṣìṣẹ́ ti wà níbẹ̀. Bàbá rẹ bi ọ́ pé àwọn àgbà ńkọ́, o bú sẹ́rìn-ín, o ní òkú ọ̀run kì í lo àdírẹ́sì. Bàbá rẹ ò rẹ́rìn-ín. O kàn rò pé bọ́ọ̀sì ló dá a lágara ni.

Láàárọ̀ ọdún, o gbé oúnjẹ àwọn àgbà dé nínú páálí, ìrẹsì, ẹja, ápù, ohun gbogbo ti jinná. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sára páálí pé ó tó ẹni mẹ́rin jẹ, n ò sì mọ̀ bóyá òkú ni wọ́n ń kà ni tàbí alààyè. Orí pákó tí wọ́n fi ń lọ aṣọ lo tẹ́ ẹ sí. Bàbá rẹ fẹ́ ṣí fèrèsé kí wọ́n lè ríbi wọlé, fèrèsé náà ò ṣí ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo jáde lọ bi obìnrin tó ń tọ́jú yàrá, ó ní kí èèyàn má baà já bọ́ síta ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó fẹ́ bọ́ síta nínú wa, àwọn kan ló fẹ́ wọlé. Ó wò mí títí, ó wá fún mi ní aṣọ ìnura méjì sí i. Bàbá rẹ foríbalẹ̀ nítorí tìrẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí o wọ ilé ìwẹ̀, ó ní ta wá ni òun ń forí balẹ̀ fún? Ó ní àwọn àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà 1204, wọ́n ń tẹ nọ́ńbà, ilẹ̀kùn ò ṣí.

Ẹnu mi ò gba ẹ̀sùn, o mú wa rìn. Èmi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ṣì lè gbé mi tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin inú fóònù rẹ ló ń júwe ọ̀nà fún wa, ó ní ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ yà sósì, ohùn rẹ̀ tutù, kò sọ̀rọ̀ àsọjù, kò sì bèèrè oúnjẹ láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́. Mo bi ọ́ pé ọmọ ta ni, ṣé wọ́n ti fẹ́ ẹ? Irú obìnrin tó mọ ọ̀nà báyìí ló yẹ kó wà nílé rẹ.

A dé ààfin ọba àtijọ́. Àwọn ọmọge onírun pupa láti òkè òkun wọ aṣọ olorì, aṣọ àyágbé, bàtà káńfáàsì ń yọ jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ nìkan ló wọ tirẹ̀ tòótọ́, agbádá funfun àti fìlà onírun ẹṣin, ni wọ́n bá tò sẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n lè bá a ya fọ́tò. Ó ṣebí wọ́n ń kí òun kú ọdún ni. Ó súre fún wọn níkọ̀ọ̀kan pé wọ́n á bí ọkùnrin, ó sì sọ fún géńdé kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ balẹ̀ dé àyà pé ìbejì ni tirẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fi yàrá tí ọba ń sùn hàn wá. Ó fẹ̀, ó mọ́, kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀.

Lórí òkè ilé gogoro àkọ́kọ́, àgádágodo ni mo rí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n so wọ́n mọ́ irin, wọn ò sì ti nǹkan kan pa. O ní olólùfẹ́ ló ń tì í kí ìfẹ́ wọn má baà já. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo ti fẹ́ bàbá rẹ láìní kọ́kọ́rọ́, ibi kan ṣoṣo tó sá lọ rí náà ni ilé ọlọ́tí, ebi ló sì dá a padà. Ilé kejì wá ni àwòṣífìlà gidi, bàbá rẹ gbójú sókè wò ó, fìlà rẹ̀ já bọ́ lóòótọ́. Lókè pátápátá wọ́n fi gíláàsì ṣe ilẹ̀, àwọn èèyàn ń sanwó kí ẹ̀rù lè bà wọ́n. Òrùlé ilé àgbàdo wa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bọ́ bàtà mi kí n má baà ba gíláàsì olówó jẹ́, mo dì mọ́ ọ, mo gbọ́ bí ọkàn rẹ ṣe ń lù kìkì, mo sì rí i pé egungun ìhà rẹ ti ń ka ara rẹ̀.

Ti ilé kọfí yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀rọ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò lójú tí kò nímú, òun lèèyàn ń sọ ohun tó fẹ́ mu fún. Mo kí i, mo bi í léèrè ilé, àwọn ọmọ tó tò sẹ́yìn mi ń mí hẹ̀n-ùn. Nínú ilé náà, wọ́n gbé atẹ ìfẹ́kà kọ́ sára ògiri, wọ́n tan iná sí i. Mo bi wọ́n pé irú ọkà wo lẹ ń fẹ́ níbí, wọ́n ní ọ̀ṣọ́ ni. Mo ní mo ní mẹ́ta nílé, iṣẹ́ ni tèmi ń ṣe. Kọfí náà korò bí ewé ibà, yìnyín sì kún inú rẹ̀.

Ó wá ku ọjọ́ kan. O ní wọ́n pè ọ́ níbi iṣẹ́, o fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi, o ní ká wọ̀ ọ́ lórí odò, pé àwọn ẹyẹ máa ń wá gba bisikíìtì lọ́wọ́ èèyàn. Nígbà tí o padà dé, o bèèrè bí ọkọ̀ ṣe rí, bàbá rẹ ní odò náà fẹ̀. Tae-sik, a ò dé etí odò. Bàbá rẹ ò purọ́ fún ọ rí láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, ọ̀dọ̀ rẹ ló ti kọ́ ọ.

Takisí la wọ̀. Mo mọ àdírẹ́sì rẹ sórí, èmi tí mò ń kọ ọ́ sára páálí. Bàbá rẹ ní òun ń lọ kó àwọn àgbà, pé wọ́n ti dúró fún ọjọ́ méjì gbáko lẹ́nu ọ̀nà onílẹ̀kùn títì, ẹsẹ̀ á ti máa ro ìyá àgbà. A kan ilẹ̀kùn 1204. Ìyàwó kékeré kan ló ṣí i, ó pọn ọmọ, ilẹ̀ ilé rẹ̀ gbẹ táú, kò sí páìpù tó bẹ́. Bàbá rẹ yọ fìlà, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò rí àwọn arúgbó mẹ́rin kan níbí? Ìyàwó náà fẹ́ pa ilẹ̀kùn dé. Ìgbà tí mo ní èmi ni Ìyá Tae-sik, ló pariwo pé háà, ìyá oníkimchi!

Ó ní ká má sọ pé òun ló sọ ọ́, mo sì ṣèlérí, òun náà ni mò ń sọ fún ọ yìí. Ó ní ilé iṣẹ́ rẹ ti kógbá wọlé, pé o ti kó jáde láti oṣù kẹta. Ó ní o bẹ òun kí òun máa gba páálí tó bá ti abúlé dé, pé o máa ń wá gbé e, o sì máa ń bù fún òun kó o tó lọ. Ó ní yàrá tóóró kan lo wà báyìí lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, irú èyí tí èèyàn ń nawọ́ kan ògiri méjèèjì, alùpùpù lo sì fi ń gbé oúnjẹ kiri fún oníbàárà. Òwe ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tìrẹ ò lò ju oṣù mẹ́fà lọ, lífítì la sì wọ̀ bá a.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún. Mi ò ní fi pamọ́ fún ọ, ó yẹ kí ẹnì kan máa sọ òótọ́ nínú ìdílé yìí. Kì í ṣe torí iṣẹ́ tó bọ́, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́mọ gbogbo. Ohun tó dùn mí ni pé o fi yàrá tí ọba ń sùn hàn mí, o ò fi tìrẹ hàn mí. Alùpùpù mélòó lo gùn, òjò mélòó ló pa ọ́, kí o tó rówó san fún gíláàsì tí mo bọ́ bàtà tẹ̀? Ta ló sọ fún ọ pé ilé gogoro la wá wò? Ìwọ la wá wò.

Ìyá ọmọ yẹn ṣe dáadáa. Ó bu ìrẹsì sínú àwo, ó gé ápù, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, bàbá rẹ sì foríbalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀. Ó ní ẹ má bínú, ọmọ wa ò sí níbí mọ́, ẹ máa tẹ̀ lé mi. Ó dá lífítì dúró títí gbogbo wọn fi wọlé. Ọkùnrin kan fẹ́ bá wa wọ̀ ọ́ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, bàbá rẹ ní kó dákun dúró de òmíràn, eléyìí ti kún. Ọkùnrin náà wo àwa méjì, ó wo àyè tó ṣẹ́kù, ó sì padà sẹ́yìn. Nínú bọ́ọ̀sì tí a bá wálé, bàbá rẹ ní dandan àga mẹ́rin gbọdọ̀ ṣófo lẹ́yìn wa, awakọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì wọn dà, ọpẹ́lọpẹ́ pé gbogbo ayé ń padà sí Seoul lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ tiwa ṣófo.

Lánàá ló tún gun orí ibojì lọ. Ó ka àdírẹ́sì yàrá tóóró yẹn fún wọn, ìyàwó yẹn ló kọ ọ́ fún wa. Ó ní kí wọ́n má lọ bẹ̀ ọ́ wò lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n máa lọ níkọ̀ọ̀kan torí àyè ò tó, kí ìyá àgbà sì kọ́kọ́ lọ nítorí òun ló fẹ́ràn rẹ jù. Ó ní ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọdọ̀ bá ọ wí, ó ti rẹ ọmọ náà.

Owó ni mo fẹ́ tọrọ báyìí, bí ìyá gbogbo ṣe ń tọrọ. Áyù ti tó gbìn, ẹ̀yìn bàbá rẹ ò gbà á, mi ò sì lè dá a ṣe. Owó ọkọ̀ ẹnì kan ni mo fẹ́, láti Seoul dé Goheung. Má gba ti báǹkì fi ránṣẹ́ o, ẹ̀rọ ara ògiri wọn máa ń bi mí ní àṣírí mi lójú gbogbo èèyàn, mi ò sì í dá a lóhùn. Fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó o gbé ara rẹ jókòó sínú ọkọ̀ wá fún mi. Mi ò ní kó o kó kúrò ní Seoul, ọ̀sẹ̀ kan péré, wá na ẹsẹ̀ rẹ sùn, wá jẹun títí ìhà rẹ yóò fi bò, lẹ́yìn náà kó o padà lọ wá iṣẹ́ rẹ.

Ẹlẹ́dàá rẹ ò ní sùn. Ilẹ̀ ò ní yọ̀ mọ́ alùpùpù rẹ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó máa gbà ọ́ síṣẹ́ á bá ọ nínú ayọ̀, kò ní í pẹ́, kò ní í jìnnà. Má ra ẹ̀bùn kankan bọ̀, má sì wọ kóòtù dúdú tí o fi mú wa kiri yẹn. Aṣọ tí o fi ń gbé oúnjẹ kiri ni kó o wọ̀ wálé, mo fẹ́ bá ọ fọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.