Fáìlì Àgbàlá Wa

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yín,

Kọ̀ǹpútà náà ti kú. Ó kọ́kọ́ ń ṣe kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ nínú, nígbà tó yá kò tàn mọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe ní Mọ́lété, wọ́n ní háàdì dìsìkì rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Inú bí mi débi pé mi ò dágbére kí n tó kúrò níbẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí àgbàlá wa ní Bẹyẹrúnká. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n máa gbẹ́ ìpìlẹ̀. Àwọn òkú wa ló wà níbẹ̀, ẹ ò sì jẹ́ kí a fi sìmẹ́ńtì bo sàréè kankan. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ibi tí oníkálukú wà, inú kọ̀ǹpútà lẹ sì kọ ọ́ sí. Ṣé ẹ rò pé ẹ ò ní kú ni?

Mo bẹ̀ yín títí kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ kọ̀, pé àṣírí ilé kì í jáde. Ẹ fi ìborùn Màmá bo kọ̀ǹpútà, ẹ wá jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná. Ó dáa, ẹ gbọ́ lónìí: mo jí i dà kọ. Gbogbo Jímọ̀ tí ẹ bá ti lọ kírun, mo máa ń dà á sórí fíláàṣì mi. Mi ò ṣí i wò rí, torí mo bọ̀wọ̀ fún yín.

Àná ni mo dá gbogbo rẹ̀ padà sórí kọ̀ǹpútà tèmi. Kò sí ọ̀kan tó sọnù. Mo rí Bàbá Àgbà, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án láti ẹnu kànga. Mo rí Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn.

Mo wá dé orí ọmọ mi, Kàmọ́rù, tó lo ọjọ́ mọ́kànlá láyé. Mo mọ àṣà wa, òbí kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Wọ́n tì mí mọ́ yàrá lọ́jọ́ tí ẹ gbé e lọ, mo gbà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rìn nínú àgbàlá yẹn, tí mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ẹsẹ̀ lé. Mo rò pé ẹ máa kọ tiẹ̀ náà bí ti àwọn yòókù. Kí lẹ kọ? Orúkọ rẹ̀, pé ó wà ní àgbàlá, àti pé kí ìyá rẹ̀ má mọ ibẹ̀. Bàbá, ta lẹ wá sọ fún? Ta ló kù tí mo lè bi? Mo fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n ẹ ṣẹ̀ mí.

Inú Bọ̀ọ̀dá ń dùn pé apá òsì àgbàlá ṣófo nínú fáìlì yín tí mo tẹ̀ sórí ìwé fún un, ibẹ̀ ló fẹ́ gbẹ́. Mo ti sọ fún un pé kò síbi tó ṣófo. Tí wọ́n bá kó ṣọ́bìrì dé lọ́jọ́ Ajé, wọ́n máa bá mi ní àárín àgbàlá, lórí àpótí. Nígbà tí ẹ ò ti jẹ́ kí n mọ ibi tó wà, gbogbo ilẹ̀ náà ni sàréè rẹ̀.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín tìbínú-tìbínú,
Ìyá Kàmọ́rù.